Ta Ni ó Pa Àlọ́ Náà? Ìpilẹ̀ Àlọ́ Jámánì àti Àlọ́ Ìbàdàn, àti Ìrìn-àjò Wọn sí Orí Ìtàgé

Ní àtijọ́, bí àlejò bá wọ agboolé kan ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí a bá ti bu omi fún un tán, ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Ọmọ ibo ni yín?" Kò sí ẹni tí ń bínú sí ìbéèrè náà, nítorí ìlú tí àwọn ènìyàn láti ibi púpọ̀ para pọ̀ tẹ̀dó ni Ìbàdàn, olúkúlùkù ni ó sì mọ orúkọ ìlú tí bàbá rẹ̀ ti wá. Irú ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń bi àlọ́ láti nǹkan bí igba ọdún wá. Wọ́n ń wá ilé bàbá àlọ́. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ní in, àti ilẹ̀ tí ó ti hù. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìbéèrè náà kò lè mú wa dé ibi tí a ń lọ. Ìbéèrè mìíràn wà tí ó rọrùn láti dáhùn bí a bá tètè bi í, tí kò sì ní í ní ìdáhùn mọ́ láéláé bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́. Ìbéèrè náà ni pé: ta ni ó pa àlọ́ náà fún ọ?

Ìtàn ilẹ̀ méjì ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ilẹ̀ Jámánì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlọ́ tí à ń kà nínú ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ayé ti jáde. Èkejì ni Ìbàdàn àtijọ́, láti Bẹyẹrúnkà dé Ọjà'ba, àti láti Bẹẹrẹ títí dé orí òkè Mápó.

Àlọ́ ní Agboolé

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ rán àwọn ọ̀dọ́ létí bí a ti ń pa àlọ́ ní Ìbàdàn kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó gba alẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, tí òṣùpá sì mọ́lẹ̀, àwọn ọmọdé a kó jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. A kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, nítorí ọ̀sán ni àsìkò iṣẹ́. Àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń ṣí eré, kí iyè àwọn ọmọ lè sọjí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlọ́ àpagbè. Apàlọ́ a ké sí àwọn ọmọ, àwọn ọmọ a sì dáhùn. Bí ìdáhùn wọn kò bá dún kíkan, apàlọ́ kò ní í bẹ̀rẹ̀. Bí ìtàn bá dé ibi orin, apàlọ́ a lé e, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì gbè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n fún ohun gbogbo tí ó ń bọ̀ níwájú. Àlọ́ àpagbè kò sí láìsí elégbè. Ọmọ tí ó ń gbe orin kì í ṣe olùgbọ́ lásán. Òun náà ń bá wọn pa àlọ́ ni.

Àlọ́ kan wà tí a máa ń pa ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà. Ọmọbìnrin kan wà tí ẹwà rẹ̀ kò láfiwé, ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin tí ó wù ú. Gbogbo ẹni tí ó wá fẹ́ ẹ ni ó fi àbùkù kàn. Ní ọjọ́ ọjà kan, ó rí àlejò ọkùnrin kan tí kò ní àléébù kankan lára, ó sì tẹ̀lé e láìgba ìmọ̀ràn bàbá àti ìyá. Kò mọ̀ pé ńṣe ni ọkùnrin náà yá gbogbo ẹ̀yà ara tí ó gbé wá sọ́jà. Bí wọ́n ti ń wọ inú igbó lọ ni ọkùnrin náà ń san gbèsè: ó dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tí ó yá a lẹ́sẹ̀, ó dá apá padà fún ẹni tí ó yá a lápá, ó dá àyà àti ikùn padà, títí ó fi ku orí nìkan tí ń yí gbiri lórí ilẹ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ó ti san gbèsè ni orin wà. Nínú àlọ́ ti ìyá àgbà wa, Ọjà'ba gan-an ni ọmọbìnrin náà ti rí ọkùnrin yìí, ní ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Fún ìgbà pípẹ́, bí a bá rán àwa ọmọ Bẹyẹrúnkà lọ sí Ọjà'ba, a kì í ṣàì wo ẹsẹ̀ gbogbo arẹwà ọkùnrin tí a bá pàdé, bóyá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni tàbí ẹsẹ̀ àyálò.

Nígbà tí mo dàgbà, mo tún pàdé ọkùnrin náà nínú ìwé. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, fi í sínú ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard, tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ̀ jáde ní London ní 1952. Mo kọ́kọ́ rò pé àlọ́ wa ni ó jí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé Elphinstone Dayrell, òyìnbó tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Gúúsù Nàìjíríà, ti tẹ irú àlọ́ náà jáde ní 1910, bí wọ́n ti ń pa á ní Calabar: ọmọbìnrin tí ó kọ gbogbo ọkọ, tí ó sì wá fẹ́ agbárí tí ó yá ara wọ̀. Ta ni kí a wá sọ pé ó ni àlọ́ náà: Bẹyẹrúnkà ni, Abẹ́òkúta ni, tàbí Calabar?

Ọ̀ràn Àwọn Grimm

Irú ọ̀ràn yìí ni ó bá àwọn ará Jámánì. Jacob Grimm (1785–1863) àti àbúrò rẹ̀ Wilhelm (1786–1859) bẹ̀rẹ̀ sí kó àlọ́ jọ ní ìlú Kassel ní àsìkò tí àwọn Faransé jọba lé wọn lórí. Ìwé wọn, Kinder- und Hausmärchen, jáde ní apá méjì, ní 1812 àti 1815. Wọn kò dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀. Àtẹ̀jáde keje, tí ó jáde ní 1857, ni ó ní àlọ́ 200 àti ìtàn mímọ́ 10 nínú. Èrò wọn ni pé ohun ìní àtayébáyé ilẹ̀ Jámánì ni àlọ́ wọ̀nyí, tí ẹnu àwọn mẹ̀kúnnù ti pa mọ́ nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí àjèjì bá ń ṣàkóso ilẹ̀ kan, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà a máa wá ohun tí wọn yóò nawọ́ sí pé, "Tiwa nìyí." Àwa tí a ti gbé lábẹ́ ìjọba òyìnbó rí kò lè bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìran tí ó tẹ̀lé wọn wádìí àwọn tí ó pa àlọ́ náà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ará oko rárá. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, ọmọ àwọn gbajúmọ̀ ìlú. Àwọn kan ti ilé Wild wá, ilé apoògùn tí ó jẹ́ aládùúgbò àwọn Grimm. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ilé náà, Dorothea, ni Wilhelm fi ṣe aya ní 1825. Àwọn mìíràn ti ilé Hassenpflug wá, àwọn ìyẹn sì ni ìran ìyá wọn ti ilẹ̀ Faransé wá, láàárín àwọn Huguenot tí inúnibíni ẹ̀sìn lé kúrò nílé. Jeanette Hassenpflug ni ó pa àlọ́ ọmọbìnrin onífìlà pupa tí ìkookò gbé mì. Bẹ́ẹ̀ ni Charles Perrault ti tẹ àlọ́ yìí jáde ní ilẹ̀ Faransé láti 1697, ọdún 115 ṣáájú ìwé àwọn Grimm. Àlọ́ tí a fẹ́ fi ṣe ìdènà fún Faransé, Faransé ni ó bá a wọlé.

Obìnrin kan wà tí ó yẹ kí a dá dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Dorothea Viehmann (1755–1815). Aya aránṣọ ni, ó sì máa ń kó irè oko wá tà ní Kassel. Ilé èrò ni bàbá rẹ̀ ní, níbi tí àwọn awakọ̀ ẹlẹ́ṣin àti àwọn ọmọ-ogun máa ń yà sí, ibẹ̀ ni etí rẹ̀ sì ti kún fún ìtàn. Ìran tirẹ̀ náà sì tan mọ́ àwọn Huguenot. Àlọ́ tí ó pa fún àwọn Grimm lé ní 30. Wọ́n yìn ín pé bí ó bá pa àlọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí a ní kí ó tún un pa, kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nínú àtẹ̀jáde kejì, ní 1819, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, èyí tí àbúrò wọn Ludwig yà. Ẹni tí ó bá mọ Ọjà'ba mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀: ẹni tí ọjà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìtàn sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti kọ orúkọ Viehmann sílẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe fún àwọn yòókù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àlọ́ kan, "Marie" nìkan ni wọ́n kọ. Ọmọ Wilhelm, Herman, sọ fún ayé pé ìyá arúgbó kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé Wild ni Marie yìí, ayé sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1975 ni ọ̀mọ̀wé Heinz Rölleke fi hàn pé Marie Hassenpflug ni, ọ̀dọ́mọbìnrin ọ̀mọ̀wé, tí ìran ìyá rẹ̀ jẹ́ ti Faransé. Ẹ wo ohun tí àìkọ orúkọ bàbá ẹnìkan ṣoṣo lè dá sílẹ̀! Orí ìyá arúgbó tí kò pa àlọ́ ni àwọn ènìyàn ti kọ́ ilé ọgbọ́n wọn lé.

Àlọ́ Kì í Wọ̀lú Pẹ̀lú Ìlù

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé báyìí. Bí Kassel ti gba àwọn Huguenot ni Ìbàdàn ti gba àwọn tirẹ̀, ti Ìbàdàn sì pọ̀ ju ti Kassel lọ. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀, lẹ́yìn tí ogun ti tú Òwu àti ìlú púpọ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé tún ya wọ̀ ọ́. Nígbà tí Ìbàdàn fúnra rẹ̀ wá di alágbára, ogun rẹ̀ kó ènìyàn wá láti Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àwọn mìíràn gẹ́gẹ́ bí ẹrú, àwọn mìíràn gẹ́gẹ́ bí aya. Ìtàn ogun a máa dárúkọ balógun; kì í dárúkọ obìnrin tí a mú bọ̀ láti ojú ogun, tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, tí ó sì ń fi ohùn ìlú rẹ̀ lé orin fún ọmọ àwọn tí ó kó o. Àlọ́ kì í wọ̀lú pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Ìyàwó ni ó máa ń bá wọlé. Ẹrú ni ó máa ń bá wọlé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo padà lọ sí agboolé wa láti bi àwọn àgbà pé níbo ni àlọ́ ọkùnrin aláyàálò náà ti wá. Ẹni mẹ́ta ni mo bi, ìlú mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ. Ẹnìkan ní Ọ̀yọ́ ni. Ẹnìkan ní láti Ìjẹ̀bú ni ìyàwó kan ti gbé e wá. Ẹ̀kẹta ní níbí yìí ni, ṣé n kò gbọ́ pé Ọjà'ba ni ó ti ṣẹlẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa sọ òtítọ́ nípa ẹnu tí òun ti gbọ́ ọ. Òtítọ́ mẹ́ta wọ̀nyí kò sì ta ko ara wọn, nítorí àlọ́ dà bí odò tí ọ̀pọ̀ ìṣàn kéékèèké ń wọ̀: ẹni tí ó bá ń wá orísun kan ṣoṣo fún un yóò rìn títí. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti pọnmi ṣeé fi hàn, ẹni tí ó bu omi fún un sì ṣeé dárúkọ.

Láti Ẹnu Dé Orí Ìtàgé

Àwọn kan gbà pé ìtàgé ni ó ń ba àlọ́ jẹ́, pé bí a bá ti gbé e kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní ilẹ̀ Jámánì, àlọ́ Hänsel àti Gretel ni a mọ̀ jù lọ lórí ìtàgé. Nínú ìwé 1812, ìyá tí ó bí àwọn ọmọ náà gan-an ni ó ní kí a lọ fi wọ́n sílẹ̀ nínú igbó nítorí ìyàn. Ní àtẹ̀jáde 1840, àwọn Grimm sọ ọ́ di ìyàwó bàbá wọn. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan, Adelheid Wette, sọ àlọ́ náà di eré kékeré fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Engelbert Humperdinck bá òun fi orin sí i. Eré inú ilé yìí ni ó dàgbà di eré olórin ńlá, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Weimar ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1893, tí Richard Strauss sì darí àwọn onílù àti onífèrè. Nínú eré yìí, ìyá tòótọ́ tún padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dájú mọ́. Òṣì ni ó mú un bínú tí ó fi lé àwọn ọmọ lọ ká èso nínú igbó. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, òun àti bàbá wọn ni ó wá wọn lọ. Ìyá náà yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 81. Kò sì yà mí lẹ́nu: eré tí ìyá kan ṣe fún àwọn ọmọ inú rẹ̀, báwo ni yóò ti jẹ́ kí ìyá inú rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀?

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí a ń pè ní bàbá eré orí ìtàgé òde òní ni Hubert Ògúndé. Eré tí ó fi bẹ̀rẹ̀, tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì, ni ó ṣe ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1944. Láti inú ìjọ ni eré náà ti jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti àwọn tí ó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ sí rìnrìn-àjò láti ìlú dé ìlú, ìlànà ọ̀dẹ̀dẹ̀ farahàn nínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní orin àti ijó tí wọ́n fi ń ṣí eré, bí apàlọ́ ti ń ké sí àwọn ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì ní orin ìparí tí wọ́n fi ń tú ẹ̀kọ́ inú eré síta. Ní Ìbàdàn, Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, wà lára ibi tí irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣeré. Òyìnbó kọ́ ilé náà pẹ̀lú òpó gàgàrà fún àpèjọ ìjọba; ṣùgbọ́n ní alẹ́ eré, àwọn ìyá tí wọ́n palẹ̀ ọjà mọ́ ní Ọjà'ba ni wọ́n ń gun òkè náà lọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí òṣèré bá lé orin tí wọ́n mọ̀, wọn kì í dúró kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbè é.

Eré tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù lọ ni Ọ̀mùtí, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ìwé Tutùọlá ṣe. Nígbà tí Tutùọlá kọ ìwé náà, òjíṣẹ́ ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Èkó. Àwọn òyìnbó yìn ín. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa ni inú wọn kò dùn, nítorí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, àti pé àlọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó tà fún òyìnbó. Ní 1963, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí Ògúnmọ́lá lò ní Ilé-ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbé eré náà jáde ní ilé ìṣeré Yunifásítì náà. Demas Nwoko ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé. Ògúnmọ́lá dá ọ̀rọ̀ náà padà sí Yorùbá. Ó fún akọni rẹ̀ ní orúkọ, Lánkẹ́. Ó kó àwọn ọ̀mùtí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ yí i ká láti máa gbe orin. Ó sì sọ gbogbo ìrìn-àjò sí ìlú àwọn òkú di àlá tí Lánkẹ́ lá. Ní 1968, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde. Ní 1969, ẹgbẹ́ Ògúnmọ́lá gbé e lọ sí àjọ̀dún àṣà Áfríkà ní Algiers.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀nà tí àlọ́ wọ̀nyí tọ̀. Wọ́n ti ẹnu àwọn àgbà Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n lọ sí London. Wọ́n tún padà sí Yorùbá ní Ìbàdàn. Nínú ìwé, ẹni kan ni ó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ń dá a lóhùn. Lórí ìtàgé, ègbè padà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n tí a gbé kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ wọn ọ̀rọ̀ yìí, a ó rí i pé ìtàgé kọ́ ni ó pa àlọ́. Ìtàgé ni ó dá ohun tí ìwé gbà padà fún un. Àtúnṣe tí Ògúnmọ́lá ṣe kò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá àgbà wa náà ṣe àtúnṣe nígbà tí ó mú ọkùnrin aláyàálò wá sí Ọjà'ba. Apàlọ́ tí kò bá mú àlọ́ dé ojúde àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kò tíì pa á.

Ọ̀nà náà kò sì dúró síbẹ̀. Ní 1964, Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí àjọ̀dún ní Berlin, àwọn ará Jámánì sì jókòó láti wo Ṣàngó. Ìtàn ni Ọba Kò So, kì í ṣe àlọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀lé e kan ọ̀rọ̀ wa: Ládiípọ̀ yìí kan náà ni ó fi Jedermann, eré tí Hugo von Hofmannsthal gbé jáde ní Berlin ní 1911, ṣe Ẹ̀dá ní Yorùbá. Hofmannsthal pẹ̀lú, eré àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tún kọ. Ní 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC ní Èkó, ìwé àkọ́kọ́ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938, dé orí ìtàgé nínú Langbodo tí Wálé Ògúnyẹmí kọ. Ohun tí a ń pè ní tiwa àti ohun tí wọ́n ń pè ní tiwọn ń pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n sì ń ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù.

Ohun tí Kò Padà

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìtàgé kò dá padà, tí ìwé náà kò sì dá padà. Ẹ ka orúkọ tí mo ti dá láti òkè wá. Grimm, Humperdinck, Dayrell, Tutùọlá, Ògúnmọ́lá: ọkùnrin ni gbogbo wọn, orúkọ wọn ni ó sì wà lẹ́yìn ìwé àti lára ògiri gbọ̀ngàn. Àwọn tí ó pa àlọ́ fún wọn ńkọ́? Ti Jámánì, díẹ̀ nínú wọn ṣeé dárúkọ, nítorí pé ẹnìkan kọ ọ́ sí etí ìwé. Tiwa, ta ni ó mọ̀ wọ́n? Ní 1973, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde, ó sì ṣe wá lóore ńlá; irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ tó. A mọ orúkọ onírárà, a mọ orúkọ oníjàálá, a mọ orúkọ agbẹ́gilére. Ìyá tí ó pa àlọ́ ni a kì í mọ orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé àlọ́ a máa hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Àlọ́ kò ní olówó, ti gbogbo wa ni. Kí ni a fẹ́ fi orúkọ ṣe?" Èsì mi ni pé ẹni tí ó dárúkọ apàlọ́ kò sọ pé apàlọ́ ni ó ni àlọ́. Ohun méjì ni ó ṣe: ó fi ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọ̀wọ̀ yẹ, ó sì fi àmì sí ojú ọ̀nà kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má ṣìnà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbà mí gbọ́, kí ó rántí ọ̀ràn Marie.

Èmi náà jẹ̀bi. Orin méjì ni ó wà nínú àlọ́ ọkùnrin aláyàálò bí ìyá àgbà wa ti ń pa á: èkíní nígbà tí orí náà ń dá ẹ̀yà ara padà, èkejì nígbà tí ọmọbìnrin náà ń ké sí ilé pé kí wọ́n wá gba òun. Mo rántí èkíní. Èkejì ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohùn ègbè rẹ̀ nìkan ni mo rántí, n kò rántí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo ti lọ sí Yunifásítì, mo ti kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé mi láìmọye ìgbà, kí n tó ronú pé ó yẹ kí n bi ìyá àgbà pé ta ni ó kọ́ ọ ní orin náà. Nígbà tí mo fi máa ronú bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ti gbà á. Àwọn tí wọ́n jọ gbè é náà ń dín kù lọ́dọọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ sílé ní ìsinmi, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ọmọ gbogbo agboolé wà ní ìkáwọ́ yín, iṣẹ́ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ lọ bá àgbà kan kí ó pa àlọ́ kan fún yín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ agboolé rẹ̀, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé lẹ́nu ta ni ó ti gbọ́ ọ, àti ìlú wo ni ẹni náà ti wá. Ẹ kọ ọjọ́ àti ọdún. Ẹ kọ lílé àti ègbè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá mọ sol-fa, kí ó fi sol-fa kọ ohùn rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ gba ohùn náà sílẹ̀. Bí òṣèré kan bá sì mú àlọ́ náà lọ sórí ìtàgé lọ́jọ́ iwájú, kí ó yí i padà bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n kí ó dárúkọ ìyá náà kí aṣọ ìtàgé tó ṣí.

A kò lè mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pa àlọ́ láyé. Ẹni tí ó pa á fún wa ni a mọ̀, ìyẹn bí a bá bi í léèrè nígbà tí ó ṣì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Bẹyẹrúnkà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà tí kò sí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ mọ́.